Àkọtọ́ Ara Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Fàthíà Àbẹ̀kẹ́ Láoyè ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, tí Ọlọ́run ti pè, a máa kun lọ́rì, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ sára wọn. Ìyá rẹ̀, Sàlámátù, hun aṣọ òfì títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Láti ọdún 2015 ni Fàthíà ti wà ní Berlin. Inú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro Marzahn ni ó ń gbé, ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Gesundbrunnen, níbi tí ó ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn oníṣègùn eyín. Iṣẹ́ tí kò gba àṣìṣe ni. Bí eyín kan bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun ga ju èkejì lọ, ẹni tí ó ni ẹnu kò ní lè pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹni tí ẹ̀rù tètè máa ń bà ni. N kò sọ èyí láti fi í ṣẹ̀sín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ ọ́. Ẹ̀rù àpòòwé tí ó bá ti ọ́fíìsì ìjọba wá a máa bà á tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbé e sórí fìríìjì títí di ọjọ́ kejì kí ó tó ya á. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ aago ilẹ̀kùn rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò dúró láìmí títí ẹni náà yóò fi lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó máa ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìyẹn ni kí ó jókòó ti iná tábìlì, kí ó máa kọ́ ọkọ̀ kékeré.

Àwọn ọkọ̀ kékeré tí mò ń wí yìí kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹ ronú kan ọkọ̀ Ford ti ọdún 1932, tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ọjọ́un gé òrùlé rẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n yọ ìbòrí táyà rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ki ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù ú lọ bọ inú rẹ̀ kí ó lè máa sáré àsápajúdé. Hot rod ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń fi ike, wáyà àti ọ̀dà ṣe irú rẹ̀ ní kékeré, èyí tí a lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ìdíje. Olùdíje ni yóò dárúkọ ọdún tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró fún. Bí ó bá ti lè dárúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lára ọkọ̀ náà tí ó jẹ́ ti ẹ̀yìn ọdún yẹn, ì báà ṣe ìdè, ì báà ṣe ọ̀dà, ì báà ṣe bẹ́líìtì ìjókòó. Adájọ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wá ohun tí ìgbà rẹ̀ kò tíì tó lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Margaret, obìnrin ará Hamburg tí ó jẹ́ olórí àwọn adájọ́, bẹ Fàthíà pé kí ó wá ṣe iṣẹ́ náà ní ìdíje oṣù Kọkànlá. Fàthíà gbà, ṣùgbọ́n kò sùn ní òru ọjọ́ náà.

Ẹni tí ó mú un wọ inú eré yìí ni Alhaji Wàhábì Ìpàdéọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó dàgbà sí Èkó, tí ó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe ní Gesundbrunnen. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣìmí, ni wọ́n gba Fàthíà sílé nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Alhaji ni Fàthíà ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ kékeré, láàrin àwọn ìlù ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ó ti bàjẹ́. Bí bàbá ni ó ṣe mú un, kò sì sí ohun tí Alhaji bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí kò ṣe.

Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, Alhaji nìkan ni ó dúró láàrin Fàthíà àti ohun tí ó ń bẹ̀rù jù lọ ní ayé. Àrùn ojú tí kò ní àtúnṣe ń ṣe ìyá rẹ̀. Dókítà ní Ìbàdàn ti sọ pé ojú ọ̀tún ń lọ, pé ti òsì yóò sì tẹ̀ lé e. Láti ọdún tí Fàthíà ti kúrò nílé, ìyá àti ọmọ kò tíì fojú kan ara wọn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá náà ń bẹ̀ lórí fóònù: "Jẹ́ kí n rí ojú rẹ kí ojú mi tó fọ́." Kí ó tó lè rí físà, ẹnì kan ní Jámánì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí Verpflichtungserklärung, ẹ̀jẹ́ pé gbogbo ìnáwó àlejò náà, orí òun ni yóò wà. Fàthíà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ibi iṣẹ́ ni. Inú Probezeit ló ṣì wà, ìyẹn oṣù mẹ́fà tí agbanisíṣẹ́ fi ń dán ènìyàn wò, wọ́n sì ti sọ fún un ní ọ́fíìsì ìjọba pé kò tíì lè fi orúkọ ara rẹ̀ dúró. Alhaji ní, "Ìyá rẹ, ìyá mi ni. Gba Termin, kí o sọ ọjọ́ fún mi." Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé ìdíje ni Termin náà, ìyẹn ọjọ́ ìpàdé ní ọ́fíìsì ìjọba, bọ́ sí.

Fàthíà kò fi pamọ́ fún Margaret pé Alhaji, tí òun mú bí bàbá, yóò díje. Margaret rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo àwọn tí ń ṣe eré yìí ni wọ́n mọ ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: adájọ́ kò gbọdọ̀ ti lọ́wọ́ sí iṣẹ́ olùdíje kankan. Fàthíà búra pé òun kò lọ́wọ́ sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni ó rò pé òun ń sọ.

Òun àti Alhaji ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìdíje ní Hamburg ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Alhaji gbé àpótí ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lé itan, ó sì gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaji."

"Káàárọ̀, Adájọ́ Àgbà. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ ni?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Àyà mi ń já."

"Kí ló ń já a? Ìwọ tí o máa ń bẹ̀rù àwọn ará ibí, òní ni wọ́n máa bẹ̀rù rẹ." Ó fi ọwọ́ lu àpótí náà pẹ́pẹ́. "Ojú ẹnikẹ́ni ò tíì tó èyí o. Kódà Ìyá Ṣìmí ò tíì rí i."

"Kí lẹ kọ́, Alhaji?"

"Ah-ah! Adájọ́ fẹ́ gba rìbá. Abeg, ní sùúrù." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Monday ńkọ́? Aago mélòó ni Termin wa?"

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, sà."

"Màá ti débẹ̀ kí ìwọ tó jí. Sọ fún Màmá kí wọ́n máa di ẹrù."

Gbọ̀ngàn ìdíje náà kò jìnnà sí èbúté Hamburg. Láti ojú fèrèsé ni ènìyàn ti ń rí àwọn ẹ̀rọ gíga tí ń gbé kọ̀ǹténà, tí wọ́n ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀ nínú ìkùukùu. Fàthíà so báàjì adájọ́ mọ́ àyà, ó mú gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti bá ẹnì kan ṣe ohun tí yóò padà dẹ́rù bà á. Noah, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ní Hamburg, gbé ọkọ̀ aláwọ̀ dúdú kan kalẹ̀ tí ó dán bí omi inú kànga. Ọdún 1956 ni ó dárúkọ. Fàthíà yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Kò rí àléébù kan àfi ara táyà, níbi tí Noah kọ lẹ́tà funfun gbàǹgbà sí. Táyà tí etí rẹ̀ funfun yíká wà ní ọdún 1956, ṣùgbọ́n táyà tí lẹ́tà funfun yọ síta lára rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá. Fàthíà gé máàkì rẹ̀.

"Nítorí lẹ́tà?" ni Noah wí ní èdè Jámánì.

"Lẹ́tà náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀," ni Fàthíà fèsì. Noah wò ó títí, ó mi orí, ó sì lọ ra kọfí.

Lẹ́yìn náà ni ó kan tábìlì Alhaji.

Alhaji ti kọ ọ́ sórí páálí: "Èkó, 1956." Ó ní bàbá òun máa ń sọ ìtàn mẹkáníìkì kan ní Èbúté Mẹ́ta, tí ó rí àwòrán hot rod nínú ìwé ìròyìn lọ́wọ́ atukọ̀ òkun kan, tí ó sì gé òrùlé Ford tirẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó di pé ilẹ̀ mọ́. Fàthíà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà pé. Dáínámò àtijọ́ ni ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe alternator tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀yìn. Erùpẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Àpò ìdọ̀họ ni wọ́n fi bo ìjókòó. Tẹ̀súbáà kan tí ẹyọ rẹ̀ kò ju yanrìn lọ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Orí Fàthíà wú. Kò rí iṣẹ́ tí ó dára tó èyí rí. Ó wá yí ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́, ó rí ohun tí Alhaji fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kọ sára ilẹ̀kùn:

AYÉ Ń YÍ

Àmì òkè wà lórí É. Àmì òkè wà lórí Ń. Àmì òkè wà lórí Í.

Fàthíà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún 1956, kò sí akunlọ́rì kan tí ń kọ "AYÉ". "AIYE" ni wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn àtúnṣe àkọtọ́ Yorùbá, èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 1974, ni lẹ́tà I yẹn kúrò níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ń ya "Ń" sọ́tọ̀ nígbà náà. "NYI" ni wọ́n ń kọ pọ̀. Ní ti àmì ohùn, akunlọ́rì wo ni yóò fi ọ̀dà ṣòfò lórí rẹ̀? Fàthíà kò ka èyí nínú ìwé. Bàbá rẹ̀ kọ "AIYE" sára lọ́rì títí ó fi kú. Ó ní lẹ́tà I tí wọ́n yọ kò ṣẹ òun. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó tọ́ lónìí láìkù síbì kan ṣe di àṣìṣe lára ọkọ̀ ọdún 1956, gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà funfun ara táyà Noah.

Ṣùgbọ́n èyí nìkan kọ́ ni ó dẹ́rù bà á. Ó rántí oṣù Kẹjọ. Inú tíráàmù ni ó wà nígbà tí Alhaji fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: "Fàthíà, jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ 'ayé ń yí' dáadáa, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí rẹ́rìn-ín." Fàthíà kò bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́, ó tilẹ̀ fi kún un pé: "Ẹ má gbàgbé àmì orí Ń o, Alhaji." Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí tíráàmù tó dúró. Ọwọ́ òun, adájọ́, ni ó wà lára ilẹ̀kùn yẹn.

Ó wo ẹ̀yìn. Alhaji dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi pààlà fún àwọn olùdíje, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na àtàǹpàkò sókè sí i. Bí Fàthíà bá sọ̀rọ̀, yóò já Alhaji kulẹ̀ ní gbangba, ta ni yóò wá fọwọ́ sí ìwé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé? Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹlòmíràn nínú gbọ̀ngàn náà tí ó lè kà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mí kanlẹ̀ lórí èyí, nígbà tí ẹnì kan kígbe lẹ́yìn rẹ̀.

"Yéè! Ayé ń yí! Ẹ wo Yorùbá lára ọkọ̀!"

Ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ òtútù èbúté ni. Olúdàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ẹnjiníà ní èbúté Hamburg. Ó kàn yà wòran ni. Ó tẹríba fún Fàthíà. "Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni?"

Fàthíà yíjú sí i kíá. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ah! Mò ń ṣàwàdà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni ọmọ Yorùbá tí mo rí pẹ̀lú báàjì." Ó ti yọ fóònù, ó ya ilẹ̀kùn náà ní fọ́tò. "Màá fi ránṣẹ́ sí bàbá mi n'Ìbàdàn. Tíṣà Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Báírò pupa ni wọ́n máa ń fi tún káàdì ìkíni wa ṣe. Ẹ ò rí wàhálà!"

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Fàthíà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fi omi tútù bọ́jú, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó fi ojú inú rí báírò pupa kan tí ń rìn láti Ìbàdàn bọ̀. Ó rí Noah tí ń mi orí. Ó rí ìyá rẹ̀ tí ń fi ọwọ́ táràrà wá ẹnu ọ̀nà. Ó gbàdúrà kí iná gbọ̀ngàn náà kú, kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé wọn. Iná kò kú.

Nígbà tí ó padà, Margaret àti àwọn adájọ́ yòókù ti pé sí ìdí tábìlì Alhaji. Margaret ní àwọn ti fẹ́ fún ọkọ̀ yìí ní ife ẹ̀yẹ, ọ̀rọ̀ ara ilẹ̀kùn nìkan ni ó kù. Ó kọjú sí Fàthíà. "Ìwọ nìkan ni o lè kà á fún wa. Ṣé ó bá ọdún rẹ̀ mu?"

Fàthíà gbójú sókè. Noah wà lára àwọn tí ó dúró lẹ́yìn okùn, ó di kọfí rẹ̀ mú, ó ń wò ó. Bóyá nítorí ojú yẹn ni ó fi sọ òtítọ́. Fàthíà fúnra rẹ̀ kò lè sọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Ó ní ẹ̀rù kan ló kàn pọ̀ ju èkejì lọ.

"Ọ̀rọ̀ náà tọ́," ni ó wí. "Ọdún rẹ̀ ni kò tọ́. Bí a ṣe ń kọ ọ́ báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn." Ó bọ́ báàjì kúrò láyà, ó fi sórí tábìlì. "Èmi ni mo sì kọ ọ́ fún un."

Alhaji gbọ́ èdè Jámánì ju Fàthíà lọ. Ó gba abẹ́ okùn kọjá. Yorùbá ni ó sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Fàthíà, kí lo sọ?"

"Ẹ dárí jì mí, Alhaji. Ó yẹ kí I wà níbẹ̀."

"I wo?"

"AIYE. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ọjọ́un."

"Ta ló sọ fún mi pé A-Y-É ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní kí n má gbàgbé àmì orí Ń?"

"Èmi náà ni."

"Nínú gbogbo àwọn tó dúró yìí, ta ló mọ̀ ọ́n?"

Fàthíà wolẹ̀.

"Mo bi ọ́."

"Kò sí, sà."

"Kò sí." Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Kò sí o."

Kò pariwo. Fàthíà ní ì bá sàn kí ó pariwo. Margaret bu ọwọ́ lé e léjìká, ó gba báàjì náà, ó sì gé máàkì Alhaji bí wọ́n ti gé ti Noah. Ọkùnrin mìíràn, tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, ni ó gba ife. Nígbà tí ó tó àkókò àtipadà, Fàthíà dúró dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin. Alhaji ti bá ọkọ̀ tí ó ṣáájú lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, Fàthíà pè é títí, kò gbé e. Ó pe nọ́mbà ilé.

"Alhaji wà níbí," ni Ìyá Ṣìmí wí. "Ó ní kí n sọ pé òun ò sí nílé."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, Màmá."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ láti àná, ọmọ mi. Ọkọ̀ yẹn ló ń wò. Kò tilẹ̀ jẹun."

Ní ọjọ́ Ajé, Fàthíà ti dé ọ̀nà àbáwọlé ọ́fíìsì náà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ọkùnrin tí ó bá dé fìlà tí ó yọ ní igun ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ ń fò sókè fún. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, Alhaji gbé e.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti wà níbí. Torí ti Màámi ni, kì í ṣe tèmi."

"Fàthíà. Ẹni tí kò lè fi lẹ́tà kan bò mí láṣìírí, ó ní kí n fi orúkọ mi dúró fún òun?" Ó fi kún un pé: "Bá mi kí Màmá." Ó pa fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá Fàthíà ni ó kọ́kọ́ pè. "Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?"

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

"Ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo gbọ́ ọ lóhùn. Kí lo ṣe?"

Fàthíà sọ gbogbo rẹ̀.

"I kan ṣoṣo?" ni ó bi í níkẹyìn.

"I kan ṣoṣo, Màámi. Àti àmì."

"Kò burú. Mo ṣì ń rí ọwọ́ ara mi."

Gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà ni Fàthíà fi ń bẹ̀rù fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ á ní òun kò rí àwọ̀ orí ẹní ìkírun mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, á ní òun fi ejìká gbá òpó ilé. Fàthíà kò kọ́ ọkọ̀ kankan. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń ṣe eyín, ó ń ka oṣù. Ní ìgbà tí Probezeit rẹ̀ parí, ó sáré lọ gba Termin, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Sàlámátù Láoyè sọ̀kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Berlin lórí àga onítáyà. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti kú láti oṣù Kìíní, òjìji lásán ni ti òsì ń rí, ohùn ni ó sì fi dá ọmọ rẹ̀ mọ̀.